Ta Ló Ni Kíndìnrín Inú Pépà Yìí?

Aago mọ́kànlá alẹ́ ti lù, wọ́n ti mú iná lọ, bátìrì láptọ́ọ̀pù sì ti wálẹ̀ dé 14%. Àwa méjì la jókòó ti ẹ̀rọ náà ní ọ́fíìsì wa n'Íbàdàn, àwa tí a ò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ abẹ. Kóòdù là ń kọ jẹun. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n ọ̀kan nínú wa, tí gbogbo wa ń pè ní Àǹtí Dókítà, fẹ́ fi pépà kan ránṣẹ́ sí jọ́nà tó wà fún ọ̀rọ̀ ìpààrọ̀ ẹ̀yà ara, ó sì ti di ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti ń bá wẹ́ẹ̀bùsáìtì jọ́nà náà fà á. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà, ẹ gbà mí o." A ní kí wọ́n lọ sùn, pé kílẹ̀ tó mọ́, pépà á ti wọlé.

Ẹni tí kò bá ṣe é rí lè rò pé téèyàn bá ti parí ìwádìí, iṣẹ́ ti tán. Rárá o. Jọ́nà náà fẹ́ kí ojú ìwé tí orúkọ àwọn òǹkọ̀wé wà dá dúró lọ́tọ̀, kí orúkọ ẹnikẹ́ni má sì sí nínú pépà fúnra rẹ̀, torí àwọn onímọ̀ tó máa yẹ̀ ẹ́ wò kò gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó kọ ọ́. Àkópọ̀ iṣẹ́ náà kò gbọ́dọ̀ ju 250 ọ̀rọ̀ lọ. Ti Àǹtí Dókítà jẹ́ 391. Àwòrán gbọ́dọ̀ mọ́ dé 300 dpi. Èyí tó wà lọ́wọ́ wọn, inú PowerPoint ni wọ́n ti ya screenshot rẹ̀. Òǹkọ̀wé mẹ́fà, ímeèlì mẹ́fà, ọ̀kan nínú wọn sì ti gbàgbé password rẹ̀ láti ìgbà kòrónà. Gbogbo ẹ̀ la ṣe. Inú wa tiẹ̀ ń dùn, torí irú wàhálà báyìí gan-an ló ń bọ́ wa.

Ojú ìwé kẹfà la ti pàdé àpótí kékeré kan. Ó ní kí òǹkọ̀wé jẹ́rìí sí i pé kò sí ẹ̀yà ara kankan nínú ìwádìí náà tó wá láti ara ẹlẹ́wọ̀n tí ìjọba pa, àti pé gbogbo ẹni tó fi ẹ̀yà ara sílẹ̀ ló fínnúfíndọ̀ fọwọ́ sí i. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ní ká kọ nọ́ńbà ìlà tí ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí yẹn wà nínú pépà. Ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n pa kẹ̀? Nínú pépà tó dá lórí àwọn aláìsàn kíndìnrín ilẹ̀ wa níbí? A rẹ́rìn-ín. A tẹ àpótí náà, a kọ N/A sí ibi nọ́ńbà ìlà, a tẹ Submit. Bátìrì ku 3%.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni pépà náà padà wá. Wọn ò kọ̀ ọ́ o, wọ́n kàn dá a padà ni, pẹ̀lú ìbéèrè láti ọwọ́ olóòtú: ẹ sọ pé mọ̀lẹ́bí àwọn aláìsàn ló fún wọn ní kíndìnrín, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé mọ̀lẹ́bí ni wọ́n? Níbo ni ọ̀rọ̀ ìfọwọ́sí wọn wà? Kí sì ni N/A yín túmọ̀ sí?

Àǹtí Dókítà ka ímeèlì náà tán, wọ́n wò wá. "Ta ló tẹ àpótí yẹn?"

A dákẹ́.

"Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ fi orúkọ mi búra sí?"

A ò mọ̀. Àpótí bẹ́ẹ̀ pọ̀ níbi iṣẹ́ wa, àwa gan-an là ń ṣe wọ́n: "Mo ti ka àdéhùn yìí, mo sì gbà." Ẹnikẹ́ni kì í kà á, àwa tó ṣe é náà kì í kà á. Ṣùgbọ́n a tún mọ nǹkan mìíràn nípa iṣẹ́ wa. Tẹ́ ẹ bá rí fọ́ọ̀mù tó fi dandan lé e pé ẹ gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè kan tó ṣàjèjì, nǹkan kan ti bàjẹ́ rí níbẹ̀, ẹnì kan sì ti sunkún. Ojú tì wá débi tá a fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tó fi àpótí yẹn síbẹ̀, àti ohun tó rí kó tó fi í síbẹ̀.

Ìlú Paris ló kọ́kọ́ yà wá lẹ́nu. Lójú tiwa, tí wọ́n bá ti sọ pé ẹ̀yà ara ẹlẹ́wọ̀n, Ṣáínà lọkàn wa ń lọ. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún 1951, nígbà tí kò tíì sí oògùn kankan tó lè mú kí ara gba ẹ̀yà ara ẹlòmíì, àwọn oníṣẹ́ abẹ Faransé, àwọn bíi Charles Dubost àti Marcel Servelle, yọ kíndìnrín lára òkú ọkùnrin kan tí ìjọba fi guillotine bẹ́ lórí, wọ́n sì fi sí ara àwọn aláìsàn. Àwọn aláìsàn náà kò pẹ́ láyé. Ohun tó gbà wá lọ́kàn ni pé wọn ò fi í pamọ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìṣègùn wọn lọ́dún náà: ibi tí kíndìnrín ti wá rèé, bí a ṣe rán an mọ́ra rèé. Ó dà bí ẹni pé lójú wọn, ẹni tí ìjọba bá ti pa, ìjọba ló ni òkú rẹ̀. Bóyá ọkùnrin yẹn gbà tàbí kò gbà, ìbéèrè yẹn kò tíì ní àpótí.

Kí ọdún mẹ́rin tó pé lẹ́yìn ìyẹn, ìtàn yí padà ní Boston. Ìtàn yìí ló yẹ kí ọmọ Yorùbá kankan má gbàgbé, torí ọ̀rọ̀ ìbejì ni. Ọmọ ọdún 23 ni Richard àti Ronald Herrick. Kíndìnrín Richard ti bàjẹ́, ó ń kú lọ. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn Peter Bent Brigham rò ó pé tó bá jẹ́ pé inú ẹyin kan ṣoṣo làwọn méjèèjì ti pín, ara Richard lè má mọ̀ pé kíndìnrín Ronald kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n gé awọ díẹ̀ lára ẹnì kan lẹ̀ mọ́ èkejì láti dán an wò. Wọ́n tiẹ̀ kó wọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá láti tẹ̀ka, kí wọ́n lè fi àmì ìka wọn wéra. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti já sọ́wọ́ àwọn oníròyìn. (Ẹ má tíì lọ gbé Táyé àti Kẹ́hìndé yín o. Lóòótọ́ ni pé ìbejì pọ̀ lọ́dọ̀ wa ju ibòmíràn láyé lọ, ẹ bi àwọn ará Igbó-Ọrà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù nínú wọn ló jẹ́ ti ẹyin méjì, bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó kàn bọ́ sáyé lọ́jọ́ kan náà. Ọgbọ́n Boston ò ní ṣiṣẹ́ fún wọn.)

Wàhálà tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti iṣẹ́ abẹ nìkan. Kò wọ́pọ̀ rárá nígbà náà kí dókítà mú ẹni tí ara rẹ̀ le koko, kó la inú rẹ̀ fún ohun tí kò ní ṣe é láǹfààní kankan. Joseph Murray àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ bá àwọn dókítà mìíràn, àwọn àlùfáà àti àwọn agbẹjọ́rò. Wọ́n ṣàlàyé gbogbo ewu rẹ̀ fún Ronald. Ní alẹ́ tó ṣáájú iṣẹ́ abẹ, Richard fúnra rẹ̀ kọ ìwé pélébé sí àbúrò lódì kejì, ó ní kó dìde kó máa lọ sílé. Ronald kọ èsì padà pé òun ò lọ síbì kankan. Ní 23 oṣù kejìlá ọdún 1954 ni wọ́n ṣe é. Richard gbé ọdún mẹ́jọ sí i láyé, ó fẹ́ nọ́ọ̀sì tó tọ́jú rẹ̀, ó sì bímọ.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe kọ pépà náà. Oṣù mẹ́tàlá ni wọ́n fi dúró. Wọ́n fẹ́ rí i bóyá kíndìnrín náà á máa ṣiṣẹ́ lọ, bóyá Ronald tó ku ọ̀kan lára rẹ̀ náà á wà ní àlàáfíà. 28 oṣù kìíní ọdún 1956 ló jáde nínú jọ́nà JAMA, orúkọ John Merrill ló ṣáájú, Murray, Hartwell Harrison àti Warren Guild tẹ̀ lé e. Ẹni tó kà á kò ní láti béèrè ta ló ni kíndìnrín yìí.

Ẹ fi wé ti Cape Town. Ní 3 oṣù kejìlá ọdún 1967, Christiaan Barnard fi ọkàn Denise Darvall, ọmọbìnrin ọdún 25 tí mọ́tò gbá, sí àyà Louis Washkansky. Bàbá ọmọ náà, Edward Darvall, ló fọwọ́ sí i. Nínú South African Medical Journal ti 30 oṣù kejìlá kan náà, ọjọ́ 27 péré lẹ́yìn náà, pépà ti jáde, iṣẹ́ abẹ tó yọrí sí rere ni àkọlé rẹ̀ pè é. Washkansky ti kú ní 21 oṣù yẹn. A ò sọ pé Barnard purọ́. Iṣẹ́ abẹ fúnra rẹ̀ yọrí sí rere lóòótọ́, àkọlé náà sì sọ pé ìròyìn àárín ọ̀nà ni. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló fẹ́ kà á, ìkánjú sì wọ inú ìwé. Ìbéèrè tí ọkàn Denise Darvall gbé dìde ni pé ìgbà wo gan-an lèèyàn kú, nígbà tí ọpọlọ bá ti lọ tí ọkàn ṣì ń lù? Ní oṣù kẹjọ ọdún 1968, ìgbìmọ̀ kan láti Harvard gbìyànjú láti dáhùn rẹ̀ nínú JAMA. 

Amẹ́ríkà náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n. Láàárín àwọn ọdún 1960, Thomas Starzl, ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní bàbá ìpààrọ̀ ẹ̀dọ̀, gba kíndìnrín lára àwọn ẹlẹ́wọ̀n Colorado tó ṣì wà láàyè, tí wọ́n ní àwọn yọ̀ǹda ara àwọn. Ṣé ẹni tó wà lẹ́yìn irin lè yọ̀ǹda lóòótọ́? Nígbà tó di 1966, ní ìpàdé kan ní London, Starzl fúnra rẹ̀ sọ fáwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé àwọn ti jáwọ́. Kò sẹ́ni tó fipá mú un. A fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a fẹ́ kó ti ṣe é tẹ́lẹ̀.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń dàgbà ni ibi tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí náà ń dàgbà. Ìwé ìròyìn kékeré kan tó ń jẹ́ Transplantation Bulletin ti wà láti 1953. Ní 1963 ó di jọ́nà tó dá dúró, Transplantation. Ní 1964 àwọn dókítà àgbáyé ṣe Ìkéde Helsinki lórí fífi èèyàn ṣe ìwádìí, nígbà tí wọ́n sì tún un ṣe ní Tokyo lọ́dún 1975, wọ́n fi gbólóhùn kan sí i tí ó kan àwọn olóòtú ní tààràtà: ìwádìí tí kò bá tẹ̀ lé ìlànà yìí, kí wọ́n má tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní 1978 àwọn olóòtú kan pàdé ní Vancouver kí wọ́n lè fẹnu kò lórí bí pépà ṣe gbọ́dọ̀ rí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, lórí bí wọ́n ṣe ń to orúkọ ìwé tí wọ́n kà ni ìpàdé yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lẹ́yìn náà ni. Gbogbo ìyà 250 ọ̀rọ̀ àti 300 dpi tó jẹ wá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìdí ìpàdé bíi tiwọn la lè tọ̀ ọ́ lọ.

Ó wá ku Ṣáínà, ibẹ̀ ni àpótí náà ti gba ojú tó ní lónìí.

Ní 1984 ìjọba Ṣáínà ṣe òfin tó fàyè gba yíyọ ẹ̀yà ara àwọn tí wọ́n bá dá ẹjọ́ ikú fún. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn oníṣẹ́ abẹ ibẹ̀ ń ṣe ìpààrọ̀ ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín lọ́pọ̀ yanturu, bẹ́ẹ̀ kò sí ètò kankan tí aráàlú lè fi ẹ̀yà ara sílẹ̀ tinútinú lẹ́yìn ikú, àfìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò rẹ̀ ní 2010. Ní 2005, igbákejì mínísítà ìlera wọn, Huang Jiefu, tó jẹ́ oníṣẹ́ abẹ ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀, gbà ní gbangba pé ara àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n pa ni ọ̀pọ̀ jù lọ ti ń wá. Ní 2006 ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ìpààrọ̀ ẹ̀yà ara lágbàáyé, The Transplantation Society, gbé ìlànà jáde lórí rẹ̀. Ní 2008 wọ́n ṣe Ìkéde Istanbul lórí títa ẹ̀yà ara. Ní 2011 Arthur Caplan àti àwọn mẹ́rin mìíràn kọ̀wé sínú Lancet, wọ́n ní kí àwọn jọ́nà yéé gba irú pépà bẹ́ẹ̀ látọ̀dọ̀ Ṣáínà títí nǹkan á fi yí padà. Àwọn aláṣẹ Ṣáínà sọ pé láti oṣù kìíní ọdún 2015, ẹ̀yà ara àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn nìkan làwọn ń lò.

Ìlànà ti wà nílẹ̀, ìkéde ti wà nílẹ̀. Ṣé àwọn jọ́nà wá ń tẹ̀ lé e? Ìbéèrè yìí ni Wendy Rogers, onímọ̀ ìwà tó yẹ ní yunifásítì Macquarie ní Ọsirélíà, gbé ka iwájú. Òun àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ kò ní ẹ̀rọ àrà kankan. Wọ́n kàn kó pépà ìpààrọ̀ ẹ̀yà ara láti Ṣáínà tó jáde lédè Gẹ̀ẹ́sì láàárín 2000 sí 2017 jọ, wọ́n kà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì bi ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè mẹ́ta: ṣé o sọ bóyá ara ẹlẹ́wọ̀n ló ti wá? Ṣé o sọ pé ẹni tó ni ín fọwọ́ sí i? Ṣé ìgbìmọ̀ ìwà tó yẹ gbà ọ́ láàyè? Ká ní àwa ni, tébù kan pẹ̀lú kọ́lọ́ọ̀mù mẹ́ta la máa pè é.

Pépà 445 ni wọ́n rí, tó kó ìpààrọ̀ 85,477 pọ̀. Nínú wọn, 412 kò sọ ohunkóhun nípa ẹlẹ́wọ̀n. 439 kò sọ pé ẹni tó ni ẹ̀yà ara fọwọ́ sí i. Ìyẹn ni 99%. Kọ́lọ́ọ̀mù kẹta ló dá wa dúró: 324, ìyẹn 73%, ló sọ pé ìgbìmọ̀ gbà wọ́n láàyè. Nọ́ńbà ìwé àṣẹ wà, lẹ́tà wà, èèyàn tí ẹ̀dọ̀ ti ara rẹ̀ wá ni kò sí. Àwọn olóòtú sì ka gbogbo rẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó yẹ̀ ẹ́ wò kà á. Wọ́n á ti béèrè ìdí tí àwòrán kejì ò fi mọ́ dáadáa.

Pépà 19 ló tiẹ̀ fẹnu ara wọn sọ pé kò sí ẹ̀yà ara ẹlẹ́wọ̀n lọ́dọ̀ àwọn. Ṣùgbọ́n ìpààrọ̀ 2,688 nínú tiwọn ni wọ́n ti ṣe ṣáájú 2010, nígbà tí ètò ìyọ̀ǹda kò tíì sí lórílẹ̀-èdè náà. Nígbà tá a ka ibẹ̀, a wo ara wa lójú. Àpótí ni wọ́n tẹ̀. Bíi tiwa.

Oṣù kejì ọdún 2019 ni ìwádìí náà jáde nínú BMJ Open, kí ọdún náà sì tó parí, PLOS ONE àti Transplantation ti bẹ̀rẹ̀ sí í fa àwọn pépà kan yọ. Lọ́dún kan náà, Matthew Robertson, Raymond Hinde àti Jacob Lavee gbé òmíràn jáde nínú BMC Medical Ethics, èyí tó jẹ́ oúnjẹ fún irú àwa. Wọ́n mú iye tí ìjọba Ṣáínà ń kéde lọ́dọọdún pé ó jẹ́ ti àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn lẹ́yìn ikú, wọ́n sì yà á sórí gíráàfù. Ó bá ìdọ́gba oníkúádírátíìkì mu, irú èyí tí a kọ́ nílé ìwé girama, y = ax² + bx + c, débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yẹ̀ rárá. Ẹnikẹ́ni tó bá ti fọwọ́ kan dátà láti ọjà, láti ọsibítù, láti báńkì, mọ̀ pé ayé kì í tò báyẹn. Ọdún kan á lọ sókè, ọdún kejì á kọsẹ̀. Àwọn mẹ́ta yìí kọ ọ́ pé ó jọ pé orí ìdọ́gba ni wọ́n ti mú nọ́ńbà wá, kì í ṣe ilé ìwòsàn.

Téèyàn bá sì lè fi irọ́ kún àpótí, kí wá ni ìwúlò rẹ̀? A bi ara wa ní ìbéèrè yìí gan-an nígbà tá a dé orí ọ̀rọ̀ Paolo Macchiarini. Ní oṣù kẹfà ọdún 2011, ní Stockholm, ó fi ọ̀nà èémí oníke tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì bò sí ọ̀fun Andemariam Beyene, ọmọ Eritrea tó ń kàwé ní Iceland. Kí oṣù mẹ́fà tó pé, Lancet ti tẹ pépà rẹ̀ jáde, ó ní gbogbo nǹkan ń lọ dáadáa. Beyene kú ní oṣù kìíní ọdún 2014. Àwọn dókítà mẹ́rin níbi iṣẹ́ kan náà ló gbé fáìlì àwọn aláìsàn sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pépà, tí wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ méjèèjì kò dọ́gba, tí wọ́n sì fẹjọ́ sùn. Wọn ò kọ́kọ́ gbà wọ́n gbọ́. Ọdún 2018 ni Lancet fa pépà náà yọ, ní 2023 ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn Sweden sì rán Macchiarini lẹ́wọ̀n. Ìwúlò rẹ̀ nìyẹn, lójú tiwa. Àpótí kò lè mú òpùrọ́ sọ òótọ́. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ ọ̀rọ̀ di kíkọ, débi pé ẹni tó bá ní fáìlì lọ́wọ́ lè gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kan.

A gbé gbogbo èyí lọ fún Àǹtí Dókítà bí ọmọ tó fẹ́ fi àmọ̀jù bẹ̀bẹ̀. Wọ́n gbọ́ wa tán, wọ́n ní ohun tí olóòtú ń béèrè kò jìnnà sílé tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn ni wọ́n rán wa létí pé ìpààrọ̀ kíndìnrín kò tíì pẹ́ ní Nàìjíríà: ọdún 2000 ni ilé ìwòsàn St. Nicholas ní Èkó ṣe àkọ́kọ́, Ilé-Ifẹ̀ tẹ̀ lé e ní 2002. Òfin ìlera tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yà ara, 2014 ló jáde. Níbí, ara alààyè ni kíndìnrín ti ń wá, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ti òkú. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹlẹ́wọ̀n lè má kàn wá, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ "mọ̀lẹ́bí" kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ní 2023, ilé ẹjọ́ Old Bailey ní London dá sẹ́nétọ̀ ilẹ̀ wa kan, ìyàwó rẹ̀ àti dókítà kan lẹ́bi, nítorí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tajà lójú pópó ní Èkó tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀ torí kíndìnrín rẹ̀. Lójú ìwé, ìbátan ọmọ wọn ni wọ́n pè é. Dókítà ilé ìwòsàn ibẹ̀ ló fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, tó sì rí i pé kò yẹ.

"Ẹ̀yin náà ẹ wò ó," ni Àǹtí Dókítà wí. "Ní èdè wa, ta ni kì í ṣe àbúrò mi? Ọmọ tó ń fọ mọ́tò mi, àbúrò mi ni. Ẹ̀yin méjèèjì, àbúrò mi ni yín. Òyìnbó tó bá ka 'younger brother' nínú pépà mi, ẹ̀jẹ̀ ló rò."

Ọ̀rọ̀ yẹn mú wa dákẹ́. Nínú dátà tí wọ́n fún wa, kọ́lọ́ọ̀mù kan wà tó ń jẹ́ "relationship". Àwa fúnra wa la tún un ṣe. Ibi tí wọ́n ti kọ "aburo", "bro", "brother (same compound)", a kó gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ "sibling" kí tébù lè mọ́. Ìlà kóòdù mẹ́rin péré ni. A ti sọ ẹni tó jọ ń gbé agboolé kan di ọmọ ìyá, láìbi ẹnikẹ́ni, torí ká lè rí gíráàfù tó dára.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Àǹtí Dókítà fi padà sínú fáìlì. Wọ́n tẹ ẹlòmíì láago. Wọ́n rí ìwé ìfọwọ́sí, ìwé ìbúra láti kóòtù, èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó fi hàn pé ẹbí ni. Àwọn tó jẹ́ ọkọ àti aya, wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá, wọ́n kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ó ku ẹyọ ọ̀kan. Inú fáìlì rẹ̀, "aburo" nìkan ló wà, ìwé kan kò sí, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kò sì lọ mọ́. Aláìsàn tó gba kíndìnrín náà wà ní àlàáfíà. Òun ni èsì rẹ̀ tiẹ̀ dára jù nínú gbogbo wọn. Wọ́n bi í. Ó ní àbúrò òun ni lóòótọ́, ó ti rìnrìn àjò.

Àǹtí Dókítà wò ó fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ní ká yọ ọ́ kúrò. Ọ̀kan nínú àwọn òǹkọ̀wé bínú, ó ní iye náà ti kéré tẹ́lẹ̀, tá a bá yọ ẹni tó ṣe dáadáa jù, èsì á rẹlẹ̀. Ó rẹlẹ̀ lóòótọ́. A tún kóòdù náà dá láti orí dé ìdí, gbogbo tébù yí padà, àwòrán kejì àti ìkẹta di tuntun, àkópọ̀ wá di 248 ọ̀rọ̀. Wọ́n kọ ìpínrọ̀ kan sábẹ́ ìlànà iṣẹ́ nípa bí wọ́n ṣe mọ ẹni tó fi kíndìnrín sílẹ̀, àti ìdí tí wọ́n fi yọ ẹnì kan.

Lálẹ́ ọjọ́ tá a tún fẹ́ fi ránṣẹ́, iná wà. Ojú ìwé kẹfà yọ, àpótí náà jáde pẹ̀lú àmì ìràwọ̀ pupa rẹ̀. A sún láptọ́ọ̀pù sọ́dọ̀ Àǹtí Dókítà. Wọ́n fi gíláàsì sójú, wọ́n kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n tún un kà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ fúnra wọn. Ní ibi nọ́ńbà ìlà, wọ́n kọ 131 sí 149.